Eyín Tó Di Èjí Mú

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín láti òpin àdúgbò náà, tí ẹ sì rí i pé àwọn tó ń kọjá lọ pàápàá ti ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó fà á, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Aránṣọ tí gbogbo ayé ń pè ní Eléjìí ni. Kò mọ ẹ̀rín kékeré í rín. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, orí á lọ sẹ́yìn, èjìká á máa mì, èjí tó wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì á sì hàn gbangba bí ilẹ̀kùn ilé ọlọ́yàyà. Àwọn oníbàárà kan wà tí aṣọ wọn ò ya, tí bọ́tìnì wọn ò já, tí wọ́n kàn máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀rín yẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi ya gbogbo èèyàn lẹ́nu nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ní ojú ló ń tì í. Ẹlòmíì ní àgbà ló dé. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Eéwo kékeré kan ló yọ sí erìgì rẹ̀, lókè eyín iwájú ọwọ́ ọ̀tún, kò sì tóbi ju orí píìnì lọ. Tó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ọyún á jáde, erìgì á sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, eéwo á tún dé bí àlejò tí kò nítìjú.

Kì í kúkú ṣe pé eyín náà ò rí dókítà rí. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni Eléjìí ti ń fi eyín gé òwú, eyín tí wọ́n bá sì sọ di sísọ́ọ̀sì, ọjọ́ kan ni yóò fèsì. Ó sán, ó sì kú sínú. Dókítà eyín kan gbẹ́ ihò sí i nígbà náà, ó fa iṣan tó ti jẹrà jáde láti inú gbòǹgbò, ó fọ inú rẹ̀, ó dí i, ó ki irin tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́, ó sì fi ìbòrí funfun dé e. Kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Èjí dúró síbi tó wà, Eléjìí padà sẹ́nu ẹ̀rín, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé ohun tí wọ́n gbá jáde ti fi ọmọ sílẹ̀ ní ṣóńṣó gbòǹgbò.

Ẹ̀rù ń bà á, kì í ṣe ẹ̀rù ìrora, nítorí eyín náà ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọ́n á ní àfi kí àwọn yọ ọ́. Èjí ò sì lè dá dúró, eyín méjì ló ń dì í mú. Tí ọ̀kan bá lọ, èjí náà ti lọ nìyẹn, ihò ló kù.

Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, ti ní irú èjí yìí kan náà rí. Nígbà tí Eléjìí ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́mọ ọwọ́ ni eyín ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n ní kò sóhun tó kù ju kí àwọn yọ ọ́ lọ, ìyá sì la ẹnu fún wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà míì wà. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, Eléjìí nìkan ló jogún èjí náà. Àwọn ọmọ tí Eléjìí fúnra rẹ̀ bí ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan. Eyín wọn lẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó ń pa àṣírí mọ́. Nítorí náà, ẹnu Eléjìí ni èjí ìdílé náà kù sí, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìyá ló kọ́kọ́ ká a mọ́. Wọ́n jókòó nínú pálọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ọkọ Eléjìí, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ga tó sì fẹ̀ dé ibi pé ó ń dá jókòó lórí àga ẹni méjì, ń sọ ìtàn bí ewúrẹ́ kan ṣe gun orí ẹrù rẹ̀ tó sì kọ̀ láti sọ̀. Eléjìí bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá wí, "yọwọ́ kúrò lẹ́nu."

"Màmá, ẹ̀rín ni mò ń rín."

"Ṣé mo ní ẹkún ni? Láti ìgbà tí mo ti bí ẹ, o ò bo ẹnu rẹ́rìn-ín rí, títí kan ìgbà tí mo bá ń bá ẹ wí. Yọ ọ́, mo ní."

Ìyá fà á lọ síbi fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò gbé ètè òkè rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń yẹ ìdí aṣọ wò. Ojú ìyá ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó rí eéwo náà.

"Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, mà."

"Ta lo sì sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́! Èyí tó yẹ kó sọ gan-an ló gbé mì." Ìyá ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "O fẹ́ kó lọ bíi tèmi ni?"

Ọkọ Eléjìí ti dìde. "Ọ̀la la ó lọ, Màmá. Ẹ má dààmú. Èmi fúnra mi máa di ọwọ́ ẹ̀ mú títí wọ́n á fi ṣe é tán." Ó lu àyà nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ó lu àyà.

Dókítà tó ṣe eyín náà níjọ́sí ti kó lọ sílùú míì. Ọmọbìnrin kan ló bọ́ sípò rẹ̀, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ tutù, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì gùn. Ó ya àwòrán eyín náà, ó gbé e sójú ẹ̀rọ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè rí i. Gbòǹgbò eyín náà funfun, irin inú rẹ̀ funfun jù ú lọ, ṣùgbọ́n ohun dúdú róbótó kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀.

"Ẹ wo ibi tó dúdú yìí, mà," ni dókítà wí. "Egungun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kòkòrò tó fara pamọ́ sí ìdí gbòǹgbò ló ti jẹ ẹ́."

"Ẹ ò lè tún un fọ̀ bíi ti àkọ́kọ́ ni?" ni Eléjìí béèrè.

"Mo lè gbìyànjú ẹ̀, àmọ́ mo ní láti fọ́ ìbòrí yẹn, kí n sì fa irin inú ẹ̀ yọ. Irin yẹn di gbọin-in, gbòǹgbò yín sì tẹ́ẹ́rẹ́. Tí mo bá fi agbára fà á, gbòǹgbò lè là. Tó bá sì ti là, yíyọ ló kù."

"Yíyọ kẹ̀!" Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o, ọmọ mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, èmi náà ò tíì mú àdá. Ọ̀nà méjì míì ṣì wà, iṣẹ́ abẹ sì ni méjèèjì. Àkọ́kọ́, mo lè rọra yọ eyín náà, kí n tún ìdí ẹ̀ ṣe lọ́wọ́ mi níta, kí n sì tètè dá a padà sójú ihò ẹ̀ kó tún dì mọ́bẹ̀."

Dírẹ́bà na ọrùn. "Ẹ máa bọ́ ọ, ẹ máa lẹ̀ ẹ́, ẹ máa tún un dè? Bíi táyà?"

"Bíi táyà gẹ́lẹ́, sà. Ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn tí ọwọ́ mi ò lè dé ìdí ẹ̀ ni mo sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Iwájú ni tiwọn wà. Màá fi abẹ́rẹ́ mú ibẹ̀ kú, màá ṣí erìgì díẹ̀ lókè, màá gba ara egungun wọlé, màá kó ìdọ̀tí yẹn kúrò, màá gé ṣóńṣó gbòǹgbò tó bàjẹ́ dànù, màá dí ojú ibi tí mo gé, màá sì rán erìgì padà. Ìbòrí iwájú ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan gba ẹ̀yìn wọlé."

"Èjí mi ńkọ́?"

"Kò ní mira níbi tó wà."

Eléjìí mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà náà kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ra èèyàn. Ó ní òun ò ní purọ́ fún wọn. Iṣẹ́ náà máa ń dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, oṣù díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjá kí àwòrán tó lè sọ bóyá egungun ń padà bọ̀. Tí kò bá padà, àwọn á yọ eyín náà, àwọn á sì fi àtọwọ́dá dípò rẹ̀. "A tiẹ̀ lè fi èjí sí àtọwọ́dá náà," ló fi kún un.

"Èjí àtọwọ́dá?" ni ìyá wí. "Ayé yìí mà ti bàjẹ́ o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Eléjìí. Ó ń wo ohun dúdú ojú àwòrán náà. "Ẹ bá mi ṣí i," ló wí. "Ẹ bá mi gé e."

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Ètè òkè Eléjìí kú, ó wúwo bí ètè ẹlòmíì tí wọ́n gbé yá a. Ó ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn lẹ́nu òun, ó ń gbọ́ tí omi ń tú, kò sì dùn ún rárá, èyí sì yà á lẹ́nu débi pé, ká ní wọ́n gbà fún un, ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú bó ṣe ṣèlérí. Òun náà gbọ́n, kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń wò látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń ka déètì inú rẹ̀ lábẹ́ ẹnu bí ẹni ń gbàdúrà.

Nígbà tí dókítà rán erìgì tán, Eléjìí ṣe àmì pé kí wọ́n fún òun ní dígí. Aránṣọ ṣá ni aránṣọ. Ó yẹ iṣẹ́ náà wò, ó rí i pé ojú ìrán rẹ̀ jìnnà síra bákan náà, kò fún jù, kò dẹ̀ jù. Ó mi orí, ó gbóríyìn fún un. Lẹ́yìn náà ló nàka sí ìdí òwú dúdú tó yọ síta lára kókó kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ojú sókè bí ọ̀gá tó ká ọmọ iṣẹ́ mọ́ ibi àṣìṣe.

"Hẹn-ẹn, òwú yẹn," ni dókítà wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀ báyẹn ni, mà, torí pé tí mo bá…"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí dírẹ́bà gbọ́ ẹ̀rín, tó rò pé ewu ti kọjá, tó sì yí ojú kúrò lára kàlẹ́ńdà. Ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó rí òwú. Ó ní, "Ṣé ó ti…" Gbì! Ó balẹ̀ bí àpò símẹ́ńtì. Dókítà sáré sí i, nọ́ọ̀sì sáré wọlé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó máa fi lajú, kò sẹ́ni tó rántí òwú mọ́. Nọ́ọ̀sì kàn sọ fún Eléjìí pé kó máa jẹ oúnjẹ rírọ̀, kó má fọwọ́ kan ojú ibẹ̀, kó sì padà wá kí wọ́n tú òwú náà. Ìyá, tó ń dúró níta, rí i tí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ń fa ọkọ rẹ̀ lápá jáde.

"Èwo nínú yín ni wọ́n là?" ni ìyá béèrè.

Ẹnu Eléjìí wú, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó ń lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá dáadáa, ó dúró níwájú dígí yàrá, ó gbé ètè sókè. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, erìgì ti ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí òwú wọ̀nyẹn! Wọ́n yọ ṣóńṣó bí irun imú. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í jẹ́ kí aṣọ tó ní òwú gígùn lára kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ jáde á tú u rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí òwú tó yọ síta tí Eléjìí rí tí ọwọ́ rẹ̀ gbé jẹ́ẹ́, ì báà jẹ́ lára ẹ̀wù àlejò tí kò mọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì sì ní kó má fọwọ́ kàn án ni, kò dárúkọ sísọ́ọ̀sì. Ọgbọ́n àrékérekè yìí dára lójú rẹ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń ṣe ihò bọ́tìnì, ó fi oògùn apakòkòrò nù ún, ó sì gé ìdí òwú kan, ó gé e mọ́ kókó gẹ́lẹ́ bí iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ.

Kókó náà tú. Ó rí i lójú dígí bí òwú ṣe yọ́ jáde, tí etí erìgì gbéra, tí ẹ̀jẹ̀ sì sun jáde. Ó pariwo, "Màmá!"

Ìyá wọlé, ó wo ẹnu, ó wo ọwọ́. "Kí lo fi sísọ́ọ̀sì ṣe?"

"Mo gé òwú."

"Òwú wo?"

Eléjìí nàka sẹ́nu. Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹní bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ọkọ ẹ dà? Ẹ bọ́ sọ́kọ̀!"

Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà nílẹ̀, òun náà ni wọ́n wọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há síwájú. Eléjìí di aṣọ funfun mọ́ ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún un. Lẹ́yìn tí dókítà ti gba gbòǹgbò náà lọ́wọ́ ikú, òun fúnra rẹ̀ ló tún lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ń ronú pé bóun bá pàdánù èjí yìí, òun ò ní lè wo ojú ìyá òun mọ́. Nígbà tí wọ́n dé, dírẹ́bà pa ọkọ̀, ó ní, "Mi ò wọlé o. Ẹ máa pè mí."

Dókítà gbé ètè rẹ̀ sókè, ó wò ó. Eléjìí rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mà, ẹnì kan ò tíì bá mi tún iṣẹ́ mi ṣe nílé rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Ṣé mo ti bà á jẹ́?"

"Òwú tèmi máa ń yọ̀ ni. Tí mo bá gé e mọ́ kókó, kókó á tú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn kí bàbá tó ṣubú." Ó ti ń bọ ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́. "Ẹ nu ojú yín. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ojú kan péré ló tú, àwọn yòókù dì í mú, erìgì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá mọ́ra. Màá tún un rán báyìí."

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò ní béèrè dígí lọ́tẹ̀ yìí."

"Mi ò bá tiẹ̀ ní fún yín."

Wọ́n tún un rán, wọ́n sì tú òwú náà nígbà tó tó. Erìgì jinná, eéwo kò padà wá. Eléjìí so sísọ́ọ̀sì mọ́ ọrùn, ó ń fi gé òwú bí ọmọlúàbí, ìgbàkigbà tí ẹnu rẹ̀ bá sì ń lọ síbi òwú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo lé e lórí. Síbẹ̀, kò yọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó ní kí egungun kọ́kọ́ padà. Ó ní òun ò ní rẹ́rìn-ín lórí ohun tí kò tíì dá òun lójú.

Oṣù ń yí lu oṣù títí ọjọ́ àwòrán fi dé. Ìyá ò bá a lọ, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Dókítà gbé àwòrán àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó tẹjú mọ́ wọn. Eléjìí na ọrùn sí wọn. Nínú èyí àtijọ́, ohun dúdú náà wà níbẹ̀ róbótó. Nínú tuntun, ó wá a, ó wá a, kò rí i.

"Ibo ló wà?" ló béèrè.

"Kò sí níbì kankan mọ́, mà," ni dókítà wí, ojú rẹ̀ sì ń dán. "Egungun ti kún un. Ẹ máa gbé e lọ sílé, tiyín ni."

Dírẹ́bà, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí ààbò ara rẹ̀, pariwo ayọ̀ débi tí nọ́ọ̀sì fi gbé àga sá wọlé, ó rò pé ó tún ti ń ṣubú.

Ìyá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n dé. Eléjìí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ìyá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ rẹ̀ mú. Nítorí pé ojú rẹ̀ ò ríran tó mọ́, ó fi orí ìka rẹ̀ kan eyín àkọ́kọ́, ó kan èkejì, ó wá fi sáàárín méjèèjì, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ìyá mi ló fún mi," ni ìyá wí. "Wọ́n ní kí n la ẹnu, mo la ẹnu. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mò ń rò pé mo ti sọ ọ́ nù."

"Ẹ ò sọ ọ́ nù, Màmá," ni Eléjìí wí. "Ẹ ti gbé e fún mi kí wọ́n tó yọ tiyín. Ẹ̀yìn yín ni mo wà lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá wò ó, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, Eléjìí náà bú sẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan ìyá rẹ̀, kò sì gbé ọ̀kankan sókè.